Adéṣẹwà Ògúndé: Òṣèrébìnrin tí ọ̀nà Iléṣà mú lọ

Clementina ni wọ́n ń pè é kí aráyé tó mọ̀ ọ́n sí Adéṣẹwà. Láyé ìgbà yẹn, ọmọbìnrin tó bá lóun fẹ́ ṣeré orí ìtàgé, oníṣekúṣe ni wọ́n ń kà á sí. Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá tó ń ṣeré, kéde pé òun fẹ́ gba òṣèrébìnrin, òun á sì máa sanwó fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ìgbà tó pè é ní iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n tó yọjú! Àwọn òbí tún fárígá, ló bá kúkú ń fẹ́ àwọn òṣèré ọ̀hún níyàwó.

Adéṣẹwà wà lára àwọn àkọ́kọ́. Lọ́dún 1947, òun àtọkọ rẹ̀ jọ lọ kọ́ ijó òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, ọ̀rọ̀ náà kan ìyàwó bó ṣe kan ọkọ.

Ọdún 1970 ni jàm̀bá ọkọ̀ pa á, nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré n'Íléṣà. Ògúndé kọrin dárò rẹ̀. Fíìmù Aiyé tí gbogbo wa mọ̀, ọdún 1979 ló jáde. Adéṣẹwà ò sí níbẹ̀.