Gregory, Póòpù tó bọ́ ará Róòmù nígbà ìṣòro

Ní 476 ni wọ́n yọ olú-ọba Róòmù tó kẹ́yìn ní Ìwọ̀-Oòrùn lóyè. Ogun ń jà ní Ítálì nígbà tí wọ́n bí Gregory ní nǹkan bí ọdún 540. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, ó sì ti ṣe olórí ìlú Róòmù rí, kó tó sọ ilé bàbá rẹ̀ di ilé àdúrà.

Ní 590, àjàkálẹ̀ àrùn pa póòpù, ni wọ́n bá fi Gregory jẹ. Olú-ọba Ìlà-Oòrùn, tó ni ìlú nígbà náà, jókòó sí Constantinople lọ́hùn-ún, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn Lombard dó ti Róòmù, owó ìjọ ni Gregory fi bẹ̀ wọ́n. Ọkà oko ìjọ ní Sicily ló ń pín fún aláìní.

Nígbà tó fi kú ní 604, ìjọ ni ará Róòmù ń wò bí ìjọba. Ẹni tó bọ́ni nígbà ìyàn, bàbá ẹni ni.