Fẹlá Ṣówándé: Ọ̀gá Tí Kò Yéé Kọ́ṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Fẹlá ní ìjókòó ẹgbẹ́ wa, Aníkúlápó ni gbogbo wa máa ń rò. Ẹ̀bi wa kọ́. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan ti wà kí Aníkúlápó tó dé, ọmọ Ẹ̀gbá ni òun náà, olórin sì ni. Olóyè Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a ń múra ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí, tí a ń wá ìtàn ẹni tí a lè fi kọ́gbọ́n, òun ni a mú. Ìdí rẹ̀ ni pé ọdún mẹ́wàá a máa tan ènìyàn. A máa mú kí ẹgbẹ́ rò pé òun ti débi tí òun ń lọ. Ṣówándé débi tó ga ju tiwa lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ kò jókòó síbẹ̀ rí.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú orin ìjọ ní ilẹ̀ wa. Èkó ni ọmọ náà ti kàwé, ní CMS Grammar School àti King's College. Ó wọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà Krístì ní Marina láti kékeré, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá dùùrù Kàtídírà náà. Phillips ló kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ dùùrù ńlá tọwọ́ tẹsẹ̀, tó sì fi iṣẹ́ Bach hàn án.

Ohun kan wà tí Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá jìjàkadì nígbà náà. Àwọn òyìnbó ti mú orin ìyìn wọn wá. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń tìdí ìyẹn yọ. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́, ìjọ a sì máa kọrin tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Inú ìjàkadì yìí ni Ṣówándé dàgbà sí. Láti ìgbà èwe ló ti mọ̀ pé ohùn dídùn nìkan kò tó. Orin ní láti bá ọkàn ẹni tó ń kọ ọ́ mu.

Ní 1934, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló ní òun fẹ́ lọ kọ́, ṣùgbọ́n orin gbà á lọ. Ní 1936, òun ló jókòó sídìí pìyánò nígbà tí wọ́n ṣe Rhapsody in Blue ti Gershwin. Òun àti Fats Waller, ọ̀gá pìyánò jáàsì láti Amẹ́ríkà, jọ tẹ pìyánò pọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún Adelaide Hall, gbajúmọ̀ akọrin obìnrin, wọ́n sì gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Decca. BBC náà pè é wá tẹ dùùrù.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sípò rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà nílùú òyìnbó láyé ìjọba amúnisìn, tí orúkọ rẹ̀ ti jáde, tí wọ́n ń wá a kiri. Mélòó nínú wa ni yóò tún gbé ìwé lọ síwájú olùkọ́? Ṣówándé gbé e lọ. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ George Cunningham, George Oldroyd àti Edmund Rubbra. Ní 1943, bí ogun àgbáyé kejì ti ń lọ lọ́wọ́, ó yege ìdánwò Royal College of Organists, ó sì gba ẹ̀bùn lé e lórí. Ìdánwò náà kì í ṣe ti ọmọdé. Wọn a gbé orin tí ènìyàn kò rí rí síwájú rẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn a ní kó gbé òmíràn kúrò ní ipò ohùn rẹ̀ sí ibòmíràn láìkọ ọ́ sílẹ̀. Wọn a tún ní kó dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà náà.

Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ láàárín wa rántí ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù. A ra mínírà, a se oúnjẹ, ọ̀gá gbàdúrà lé wa lórí, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó tún lè rán wa pọnmi. Ṣówándé ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù tirẹ̀ tán kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ pọnmi.

Èso rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Ní 1944, ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Orin háíláìfù ló ti mú ohùn Akinla tó parí rẹ̀. Nostalgia inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí àárò ilé ń sọ. Akinla yìí ni ilé-iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi máa ń ṣí ètò wọn kan nígbà kan rí, àwọn ará ibẹ̀ sì gbọ́ ọ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Láti 1945 di 1952, òun ni ọ̀gá dùùrù àti olórí akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ó kọ orin dùùrù lórí ohùn ilé, Ọ̀yígíyigì àti Ọbańgíjì wà lára wọn. Ìjàkadì ìgbà èwe rẹ̀ ló ń tẹ̀ síwájú, ní ìlú àwọn tó mú orin àjèjì wá bá wa.

Ní 1953, ó padà wálé, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó lè jókòó ní ọ́fíìsì kó máa pàṣẹ. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn, àlọ́ àti orin ìbílẹ̀ ló ń wá kiri, tó ń gbé ohùn wọn sórí afẹ́fẹ́. Níbẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ti jinlẹ̀ sí i. Kò tún béèrè bí a ṣe ń tẹ dùùrù mọ́. Ohun tó ń béèrè ni iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú ọmọ ènìyàn. Àwa náà ti rí i. Ìyá a ki ọmọ tó ń sunkún ní oríkì, ọmọ a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Bàtá a dún, ara àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a yá gágá. Ṣówándé gbà pé ẹni tí kò bá mọ bí Yorùbá ṣe rí ayé, ọ̀run àti ọkàn ènìyàn kò lè sọ pé òun mọ orin wọn.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Ọmọ àlùfáà, olórí akọrin ìjọ, tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tún di ọmọ ẹ̀kọ́. Nígbà tó ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ̀wé lórí Ifá, ó kọ̀wé lórí ọkàn ọmọ Yorùbá. Òun àti Fágbèmí Àjànàkú, Àràbà Èkó, jọ kọ Orúkọ Àmútọ̀runwá, tó jáde ní 1969. Láyé ìgbà náà, ìgbésẹ̀ yìí kò kéré fún ẹni tó ti ilé rẹ̀ wá. Nínú ẹgbẹ́ wa, onígbàgbọ́ wà, mùsùlùmí wà, oníṣẹ̀ṣe wà, àwọn kan nínú wa sì rò pé láti gbọ́ ti ẹlòmíràn ni láti sọ tiwa nù. Ṣówándé kò pa orin ìjọ rẹ̀ run. Ó kàn gbà pé ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Folk Symphony rẹ̀ ló fi kí ìlú kú oríire. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló ti lo ọdún tó kù. Láti 1968, ó kọ́ni ní Howard, ó kọ́ni ní Pittsburgh, ó sì parí iṣẹ́ ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1987, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ohùn ilé, ilẹ̀ àjèjì ló sùn sí. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìjọ lọ́dọ̀ wa ló mọ orin òyìnbó tí kò mọ tirẹ̀. Èyí dùn wá, ó sì yẹ kó dun gbogbo wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì, ohun méjì la fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bi ọ̀gá dùùrù ìjọ yín bóyá ó mọ Ọbańgíjì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó wá a. Èkejì kan àwa fúnra wa. Ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí kì í ṣe fírídọ̀ọ̀mù. A ṣì ń kọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ ni. Kí Olódùmarè jẹ́ ká pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́, kó sì jẹ́ ká mọ rírì àwọn ọ̀gá wa nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín wa. Àṣẹ.