Mary Kingsley, Oníṣòwò Orí Odò Ogowe

Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Mary Henrietta Kingsley sí, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1862. Oníṣègùn ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbélé. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó máa ń bá rin ìrìn àjò káàkiri ayé, ó sì ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tún fojú kan ìyàwó àti ọmọ. Aláìlera ni ìyá rẹ̀. Nítorí náà, láti kékeré ni ìtọ́jú ilé ti bọ́ sí Mary lọ́rùn. Nígbà tí ó yá, a rán àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Cambridge. Mary kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rárá. Owó kan ṣoṣo tí a ná lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni èyí tí a san fún ẹni tí ó kọ́ ọ ní èdè Jámánì, èyí náà kì í sì í ṣe nítorí tirẹ̀ bí kò ṣe kí ó lè máa ka ìwé èdè náà fún baba rẹ̀. Ìyókù ohun tí ó mọ̀, inú àwọn ìwé baba rẹ̀ ni ó ti ṣà á jọ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ní ọdún 1892, baba kú ní oṣù kejì, ìyá tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin. Mary kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti lò tán lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Baba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí ẹ̀sìn àti òfin àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè mìíràn, kò sì parí rẹ̀. Mary pinnu pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni òun yóò lọ láti parí iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó bá dámọ̀ràn sọ fún un pé ibojì òyìnbó ni ibẹ̀, kò gbọ́. Ní ọdún 1893 ó wọ ọkọ̀ ẹrù, ó sì lọ títí dé Luanda àti ẹnu odò Kóńgò. Nígbà tí ó padà, ọ̀mọ̀wé Albert Günther, ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹja ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, rí àwọn ẹja tí ó kó bọ̀, ó sì fún un ní ìgò àti oògùn ìtọ́jú ẹja pé kí ó tún lọ kó sí i wá.

Ìrìn àjò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ìparí ọdún 1894 ó kúrò ní Liverpool. Ó dé Kàlàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1895, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ó ń wá ẹja kiri inú àwọn ọ̀sà àti ẹrẹ̀ igbó ẹ̀gbà. Ibẹ̀ ni ó ti lọ kí Mary Slessor ní Òkóyọ̀ng. Ohun ìyanu ni pé Kingsley kì í fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn ajíhìnrere, ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí títí ó fi kú.

Kí a tó bá a dé inú igbó, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò ní ẹ̀ṣọ́, kò sì gba ìwé àṣẹ ìjọba láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Aṣọ títà, tábà àti ìwọ̀ ẹja ni ó rà dání, ó sì sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ẹni pé ìlú tiwa ni. Bí àjèjì kan bá yọ sí wa ní ìrọ̀lẹ́, tí kò tà, tí kò rà, ṣùgbọ́n tí ó ń wo ojú ènìyàn tí ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé, ta ni kò ní fura? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ọjà dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yé ọmọdé àti àgbà. A ó mú un jókòó, a ó na ọjà rẹ̀. Bí a ti ń dúnàádúrà bẹ́ẹ̀ ni a ó máa sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó fífẹ́, gbèsè, ogún àti òrìṣà. Ọgbọ́n tí Mary Kingsley dá nìyẹn. Aṣọ àti tábà náà ni ó sì fi ń ra oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1895 ni ó dé Lambarene. Odò Ogowe ni odò tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, ìlú yìí sì wà lórí erékùṣù láàárín odò náà, ní ibi tí ó ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ sí etí òkun, nísàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé díẹ̀. Igbó dúdú ni ó yí i ká. Ojú odò ni ọ̀nà. Àwọn Galwa ni onílé, àwọn Faransé ń ṣe ìjọba, àwọn Fang tí í ṣe ọdẹ erin sì ń ti inú igbó bọ̀ wá sí etí odò, gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ajíhìnrere Faransé ni Mary wọ̀ sí. (Ọdún 1913, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, ni oníṣègùn Albert Schweitzer wá sí Lambarene yìí kan náà láti dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀.)

Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ igi. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni, kò sì ní ìdí tí yóò fi jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọkọ̀ ń pòòyì, odò ń gbé e lọ, àwọn ọmọ Galwa ń wò ó. Kò dáwọ́ dúró títí ó fi lè dá wà á. Lẹ́yìn èyí ó gòkè lọ sí Njole, ibi tí ọkọ̀ èéfín ń dé mọ, ó fẹ́ gba orí àpáta tí omi ti ń ru gùdù lọ sókè. Àwọn ìjòyè Faransé kọ̀, wọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo ni ó ti gba ibẹ̀ rí, ọkọ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mary fèsì pé òun ti wo ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ẹrù tí ó yẹ kí ènìyàn gbé dání, òun kò sì rí ọkọ nínú rẹ̀. Ó bá àwọn atukọ̀ Galwa lọ. Omi gbá wọn lu àpáta léraléra, ṣùgbọ́n wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀.

Ní oṣù keje ni ó wá dáwọ́ lé èyí tí ó le jù: ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ la igbó àwọn Fang kọjá láti Ogowe dé odò Rembwe. Ọkùnrin mẹ́rin ará Ajumba, tí wọ́n jẹ́ oníṣòwò, àti ògbufọ̀ kan ni ó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ìlú Mfetta lórí erékùṣù kan nínú ọ̀sà Ncovi, àwọn ọkùnrin Fang sáré jáde pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀bẹ. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Lójijì ni àwọn Ajumba rí ẹnì kan láàárín wọn, Kiva ni orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti bá ná ọjà rí. Wọ́n pè é. Ó dá wọn mọ̀. Ọwọ́ tí ó wà lára ọ̀bẹ sì rọ̀. Kiva àti Fang méjì mìíràn ni ó sìn wọ́n la igbó náà já.

Ní ìlú Efoua, ilé baálẹ̀ ni wọ́n fún un láti sùn sí. Òórùn kan kò jẹ́ kí ó sùn. Ó tú àpò tí ó so rọ̀ lókè, ó sì bá ọwọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú àti etí ènìyàn níbẹ̀. Ó dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìyókù àwọn tí wọ́n jẹ ni. Èmi kò lè gbà á bẹ́ẹ̀ láìjanpata. A mọ̀ pé àwọn Fang a máa tọ́jú agbárí àti egungun àwọn baba ńlá wọn sínú àpótí èèpo igi, wọn a sì máa bọ wọ́n. Obìnrin tí ó sùn sí ìlú fún òru kan ṣoṣo, tí kò sì gbọ́ èdè, báwo ni yóò ṣe mọ àpò ẹbọ yàtọ̀ sí àpò oúnjẹ? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Kí wọ́n tó dé Efoua, ó ti já sínú ọ̀fìn tí àwọn ọdẹ gbẹ́, tí wọ́n ri igi ṣóńṣó sí nísàlẹ̀. Yẹ̀rì rẹ̀ tí ó nípọn ni kò jẹ́ kí àwọn igi náà gún un. Wọ́n fi okùn fà á jáde. Ní Egaja, ìlú tí a ti kìlọ̀ fún un pé ó burú, ó tọ́jú eéwo tí ó wà ní ọwọ́ ìyá baálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ́ inú irà tí omi rẹ̀ mù wọ́n dé àgbọ̀n, nígbà tí wọ́n sì jáde, eṣúṣú ti lẹ̀ mọ́ ọrùn gbogbo wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe dé Rembwe. Oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan ni ó fi ọkọ̀ gbé e lọ sísàlẹ̀ odò. Ní òru, nígbà tí àwọn yòókù sùn, Mary ni ó di àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ mú.

Ó gun òkè Kàmẹ̀rúùnù ní oṣù kẹsàn-án, ó sì padà sílé kí ọdún tó parí. Mẹ́ta nínú àwọn ẹja tí ó kó dé ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Günther fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1897, òmíràn tẹ̀lé e ní 1899.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nídìí ọjà wá wúlò ní 1898, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó orí lé ilé àwọn ará Sàró, tí Bai Bureh sì dìde ogun. Ọ̀pọ̀ òyìnbó sọ pé ọ̀lẹ àti ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n. Mary dá wọn lóhùn pé ní òfin àwọn ènìyàn náà, ẹni tí ó bá ń san owó lórí ohun kan ti gbà pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò ní béèrè àlàyé. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní kí òyìnbó kó ẹrù wọn lọ. Àwọn oníṣòwò ni ó fẹ́ kí a fi ìṣàkóso lé lọ́wọ́, èyí tí n kò rò pé ì bá sàn jù. Òun tí ó dá igbó là pẹ̀lú ò sì fẹ́ kí àwọn obìnrin ilẹ̀ rẹ̀ dìbò.

Ní 1900, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Boer jà, ó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Àwọn Boer tí a kó lẹ́rú ogun ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́ láti tọ́jú ní Simon's Town. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa wọ́n; ó ran òun náà. Ó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sin òun sínú òkun. Ọkọ̀ ogun gbé e jáde, àwọn ọmọ ogun fi ọlá sin ín, ṣùgbọ́n pósí náà kò rì. Ìdákọ̀ró kan ni wọ́n so mọ́ ọn kí ó tó lọ sísàlẹ̀.