Julia de Burgos, Olùkọ́ tí ó Fi Ewì Gbèjà Ìran Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀ràn òmìnira jẹ lógún, ó yẹ kí a jùmọ̀ ṣe àyẹ̀wò ìgbésí ayé obìnrin kan tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì fi ewì kọ ìyà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Julia de Burgos ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1914 ni a bí i ní Carolina, ní erékùṣù Puerto Rico. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ 13, ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú wọn ni ó kú ní kékeré. Òtòṣì ni àwọn òbí rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìṣẹ́ dí ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, ní 1933, ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní Yunifásítì Puerto Rico, ó sì lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní ìgbèríko Naranjito.

A kò lè mọ ìdí ewì rẹ̀ bí a kò bá mọ ipò tí ilẹ̀ rẹ̀ wà. Amẹ́ríkà ni ó fi ogun gba Puerto Rico lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898. Ní 1917, a sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí ó bá ń gbé erékùṣù náà kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan Ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí èdè Sípáníìṣì nìkan ni wọ́n gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí irú rẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ọmọdé.

Ní 1936, Julia wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Pedro Albizu Campos, ẹni tí ó ń béèrè òmìnira. Ní oṣù Kẹta ọdún 1937, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní ìlú Ponce. Ènìyàn 19 ni ó bá ọ̀ràn náà lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tẹ ìwé ewì rẹ̀ kìn-ín-ní jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lára rẹ̀ yangàn, tí ó sì gbé ẹ̀bi oko-ẹrú lé olówó ẹrú lórí.

Ní 1940, ó ré òkun kọjá lọ sí New York, ó dé Cuba, ó sì padà sí New York ní 1942. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé orúkọ lásán ni jíjẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Èdè wọn àti àwọ̀ wọn ni a fi ń fojú tín-ín-rín wọn. Julia kò panu mọ́. Ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Pueblos Hispanos, tí akéwì Juan Antonio Corretjer jẹ́ olóòtú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewì kò bọ́ ọ yó. Ìṣẹ́, ọtí àti àìsàn kó o láàárín, ó sì di èrò ilé-ìwòsàn. Níbẹ̀, ní 1953, ó kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi èdè àwọn tí ó ń ṣe olórí ilẹ̀ rẹ̀ sọ ìdánìkanwà rẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, ó ṣubú lójú pópó ní Harlem, òtútù àyà sì pa á. Ọmọ ọdún 39 ni. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀ tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà wọ́n sin ín sí ibi tí a ń sin àwọn tí kò ní ẹnìkan. Àwọn ará àti ọ̀rẹ́ wá a títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà sí Carolina ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sára òǹtẹ̀ lẹ́tà. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orúkọ tí òǹtẹ̀ náà ń gbé kiri ayé lónìí ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní òpópó ìlú wọn ní 1953. Ẹni tí ó bá ní akéwì nílé, kí ó bọlá fún un nígbà tí ó ṣì lè gbọ́.