Kossola, ọmọ Bantè tí kò gbàgbé orúkọ ilé rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1841, a bí ọmọkùnrin kan ní agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Kossola ni orúkọ rẹ̀. Oluale ni orúkọ bàbá rẹ̀, Fondlolu sì ni ti ìyá rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn.

Ní ọdún 1860, nígbà tí Kossola tó nǹkan bí ọmọ ọdún 19, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, ká ìlú wọn mọ́ ní ìdájí. Wọ́n pa ọba ìlú náà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn tí ó kù ní ẹrú. Ní Ouidah, wọ́n sé wọn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni William Foster, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Clotilda, wá rà wọ́n.

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ orílẹ̀-èdè náà léèwọ̀. Síbẹ̀, Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ṣe ètò ìrìn àjò náà. Nǹkan bí ènìyàn 110 ni ọkọ̀ náà kó dé ní oṣù keje ọdún 1860. Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà wà.

Kossola di ẹrú James Meaher, ọmọ ìyá Timothy. Orúkọ rẹ̀ nira lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, wọ́n bá ń pè é ní Cudjo. Nígbà tí ó yá, ó fi Lewis kún un. Àwọn olùwádìí kan rò pé láti inú Oluale, orúkọ bàbá rẹ̀, ni Lewis ti jáde.

Ní ọdún 1865, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, àwọn ẹrú sì di òmìnira. Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n wọn kò rí owó ọkọ̀. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ Timothy Meaher, ó kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. African Town ni wọ́n pè é.

Láti ìgbà náà ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa rẹ̀. Ìwé kan fi hàn pé ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1868. Òmíràn fi hàn pé ó ra ilẹ̀ ní ọdún 1872. Òmíràn sọ pé òun àti Abile, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá, ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ní ọdún 1880. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kọ lu kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó sì pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà.

Ọmọ mẹ́fà ni ó bí. Aleck ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe àkọ́bí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàjẹmí ni orúkọ tí ilé fún un. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn òbí náà. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó kú ṣáájú bàbá wọn. Abile náà kú ní ọdún 1908.

Kossola kò dẹ́kun láti máa dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1927, òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ohun tí bàbá arúgbó náà ń fẹ́ ni kí orúkọ òun dé ilẹ̀ Áfíríkà, bóyá ẹnì kan níbẹ̀ yóò rántí òun. Ó kú ní ọdún 1935. Ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 2018.

Ní ọdún 2007, òpìtàn Sylviane Diouf tẹ ìwé kan jáde. Ó fi ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó wé àwọn orúkọ tí Kossola sọ, ipasẹ̀ náà sì mú un dé Bantè. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àfọ́kù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò Mobile, Clotilda ni.

Ọ̀pọ̀ àtọmọdọ́mọ ẹrú ní Amẹ́ríkà kò mọ ìlú tí baba ńlá wọn ti wá. Àwọn ọmọ ọmọ Kossola mọ̀ ọ́n. Ìwé ìjọba nìkan kò lè ṣe é, nítorí Cudjo Lewis ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnu bàbá náà ni Kossola, Oluale àti Bantè ti jáde, ẹnì kan sì kọ wọ́n sílẹ̀ kí ó tó kú.