Hubert Ògúńdé: Ẹni tó gbé eré tọ ọmọ Yorùbá lọ sájò

Nínú ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá wa, orí Hubert Ògúńdé la dé lónìí.

Ní Dutsen Kura níbí, bí ìpàdé ẹgbẹ́ bá tú, tí àwọn àgbà bá ṣì jókòó, kì í pẹ́ tí orúkọ náà fi ń jáde. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wojú ara wọn. Èyí tó láyà nínú wọn á béèrè bóyá bàbá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà nínú fíìmù Aiye ni. Òun náà ni. Àmọ́ nígbà tí Aiye fi máa jáde ní 1979, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ògúńdé ti ń gbé eré kiri, ó ti jẹ́jọ́ rí, òyìnbó ti fòfin dè é, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ náà sì ti fòfin dè é. Jos àti Kano, apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ni wàhálà tòyìnbó ti bá a. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ nílé, Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Àwa fẹ́ sọ ọ́ láti ojú ọ̀nà tiwa.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúńdé ní Òṣóṣà, ìlú kékeré kan létí Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Baptist ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹbí kan náà ni a ti rí àwọn tó ń bọ òrìṣà. Ọmọ náà ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí egúngún bá sì jáde, ẹ máa bá a lẹ́yìn onílù. Ó tẹ̀ lé àwọn alárìnjó, ìyẹn àwọn egúngún tó ń ti ìlú dé ìlú ṣeré, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi ìwà èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. A fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni Ògúńdé ti kọ́ eré àgbékiri. Rárá o. Ó ti rí i ní Òṣóṣà kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tíátà.

Lẹ́yìn tó kàwé tán, ó ṣe tíṣà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Èbúté-Mẹ́tta ní Èkó.

Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́tta ló kọ́kọ́ ní kó bá àwọn ṣe eré tí àwọn máa fi rówó kọ́ ilé ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run ló fi ṣe é, ní gbọ̀ngàn Glover, lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1944. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró gbagidi bí ẹni tó wà nínú kúáyà, wọ́n á kọrin, ó parí. Ògúńdé mú ìlù wọ̀ ọ́, ó mú ijó wọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn inú ìtàn máa rìn, kí wọ́n máa jà, kí wọ́n máa sunkún. Èrò ya bo ibẹ̀. Nígbà tó di 1945, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, African Music Research Party. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: orin ni wọ́n fi pe ara wọn. Orin ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn ló ń gùn ún bí ẹṣin.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ fẹ́ dí i lọ́wọ́. Nígbà yẹn, obìnrin tó bá gun orí ìtàgé, aṣẹ́wó ni aráyé ń pè é, kò sí bàbá tó máa fọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí Ògúńdé bá sì wá rí wọn, tó kọ́ wọn, ọkọ ló ń wá kó wọn lọ. Ọgbọ́n tó dá ni pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ lé ní mẹ́wàá, àwọn àti àwọn ọmọ wọn ni òpó ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ lónìí lè dá a, kò burú. Àwa rí i pé àwọn obìnrin yẹn ló ru iṣẹ́ náà. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń dáná fún èrò ọkọ̀, wọ́n ń pọnmọ, ìlú mìíràn tún ń dúró dè wọ́n lọ́la. Kò yẹ ká máa dárúkọ bàbá nìkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èbúté-Mẹ́tta, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ibẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ rélùwéè wà. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ogun Hitler ti mú kí ọjà gbówó lórí, owó oṣù wọn kò sì ra nǹkan kan mọ́. Michael Imoudu tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló wà níwájú. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà lé ní oṣù kan. Ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òṣèré yìí fi ọ̀rọ̀ náà kọ eré, ó pè é ní Strike and Hunger.

Ẹ̀yin tó wà ní Minna, ẹ mọ ohun tí rélùwéè jẹ́ fún wa. Ní Minna yìí ni irin tó ti Èkó bọ̀ àti irin tó ti Baro bọ̀ ti pàdé, kí wọ́n tó jọ forí lé Kano. Ojú irin yẹn ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti bàbá-bàbá wa wá: akọ̀wé, àgbẹ̀dẹ, awakọ̀ ojú irin, àwọn tó ń ta obì àti aṣọ ní ìdí ibùsọ̀. Dutsen Kura, tó túmọ̀ sí Òkè Ìkookò lédè Hausa, ti wá di ilé fún ọ̀pọ̀ ọmọ wọn (ìkookò ti lọ, ilé onípákó àti oníbúlọ́ọ̀kù ló gba ibẹ̀). Irú àwọn èèyàn báyìí ló wà ní Jos, Kaduna, Zaria àti Sabon Gari ìlú Kano. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó, ọmọ wọn ń gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, kò sì sí ohun tó ń mú wọn rántí ilé bí kò ṣe lẹ́tà àti oúnjẹ. Àwọn ni Ògúńdé ń gbé eré lọ bá. Ó mọ̀ pé ibi tí ọmọ Yorùbá bá pọ̀ sí, èrò gbọ̀ngàn wà níbẹ̀.

Ní 1946 ó gbé Strike and Hunger dé Jos. Ọlọ́pàá dá eré náà dúró, wọ́n gbé Ògúńdé lọ sí kóòtù, wọ́n sì ní kó sanwó ìtanràn. Ẹ̀rù ló ba ìjọba, kò sí nǹkan mìíràn. Eré tó ń sọ pé ebi ń pa òṣìṣẹ́, bí ẹ bá ṣe é fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó jìnnà sílé, tí gbogbo wọn pé sínú gbọ̀ngàn kan lálẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹlòmíì ì bá yí ẹnu padà. Ní oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Enugu, èèyàn mọ́kànlélógún ló kú. Nígbà tó di 1950, Ògúńdé ti fi ìyẹn náà kọ eré, Bread and Bullet, ó sì tún kọrí sí Àríwá. Ní Kano, wọ́n fòfin de eré náà, ó tún di kóòtù. Awakùsà Enugu kì í ṣe Yorùbá, òyìnbó tó ń ṣèjọba Kano kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Òṣóṣà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìkan ni Ògúńdé mọ̀, kó wo ibí yìí.

Ọdún yẹn náà ló yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ogunde Concert Party. Fèrè òyìnbó àti gìtá wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, orin ìwọlé àti orin ìparí di ohun tí àwọn kan tìtorí rẹ̀ sanwó. Ó gbé eré dé Gold Coast, tó di Ghana. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gba ọ̀nà tó là: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, àti Moses Ọláìyá tí gbogbo yín mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù ni 1964. Àwọn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ti fọ́ sí méjì, Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá ni olórí ìjọba. Wọ́n pe Ògúńdé pé kó wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin tí àwọn ará ìhà Akíntọ́lá dá sílẹ̀. Ó gbé Yoruba Ronu dé. Ìtàn ọba kan ni, Fìwàjoyè, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn fi jìyà títí wọ́n fi dìde. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ló nílò kó dárúkọ? Nínú oṣù Kẹta, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é, kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Òṣóṣà gan-an wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá wa rò ó wò. Òyìnbó dè é ní Jos àti Kano, ó padà sílé. Ilé wá dè é. Òfin náà kò dé Èkó, kò dé Àríwá, torí náà ọmọ Yorùbá tó wà ní Minna lẹ́tọ̀ọ́ láti wo eré tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ wò. Ó kọ òmíràn lọ́dún yẹn kan náà láti fi fèsì, Òtítọ́ Korò. Nǹkan bí ọdún méjì ni òfin náà fi wà lọ́rùn rẹ̀, kó tó di oṣù Kejì 1966, tí Adékúnlé Fájuyì tó jẹ́ gómìnà ológun gbé e kúrò. Fún ẹni tó ń tọ́jú ìyàwó tó pọ̀ tó yẹn àti ọmọ àti òṣèré láti inú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọdún méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Orin inú eré náà bọ́ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, orúkọ rẹ̀ sì ti di ohun tí gbogbo wa ń kì mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá ti pín sí méjì, tí kálukú lọ ń ṣèpàdé tirẹ̀, tọ̀tún tòsì ló máa ń kọ Yorùbá Ronú sórí ìwé tí wọ́n fi ń bú ara wọn. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ìhà kejì.

Ní 1967 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn àgbáyé ní Montreal, ní Kánádà. Ní 1970, jàǹbá ọkọ̀ pa Adésẹ̀wà, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Mọ́kwá lọ sílé lọ́dọọdún, ẹ ò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí títì lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ògúńdé ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn òṣèré orí ìtàgé para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Fíìmù dé: Aiye ní 1979, Jaiyesimi ní 1980, Aropin N'Tenia ní 1982, Ayanmo ní 1988. Ọ̀ṣẹ́tùrá, babaláwo tó ń dojú kọ àwọn àjẹ́, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Kí a má parọ́, àjẹ́ inú fíìmù wọ̀nyẹn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún wa, ó sì ti jẹ́ kí àwọn ọmọ gbàgbé pé ẹni yìí kan náà ló fi eré bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ ní kó kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. Ó kó àwọn onílù àti oníjó láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ wá sí Òṣóṣà, wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ibẹ̀. Àwọn tí wọn kò gbọ́ Ìjẹ̀bú rárá ló di àlejò ìlú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn, fíìmù òyìnbó ni, Mister Johnson, tí Bruce Beresford darí. Ìtàn Àríwá láyé òyìnbó ni. Bàbá ìyàwó ni Ògúńdé ṣe nínú rẹ̀. Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni wọ́n ti yà á, lójú ọ̀nà tó ti Jos lọ sí Bauchi, ibi tí kò jìnnà sí kóòtù tó ti bu owó ìtanràn fún un ní 1946. Ó kú sí London lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ọdún 1990, kí fíìmù náà tó jáde. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sin ín sí Òṣóṣà.