Ayọ̀délé Awójọbí: Ọmọ Ìkòròdú Tí Ó Wádìí Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Gbé Ẹrù

Ẹni tí ó bá dé oríta Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn kò ní ṣàì rí afárá ńlá tí ó gba orí rẹ̀ kọjá. Mọ́tò kékeré ń gbà á, bọ́ọ̀sì ń gbà á, tọ̀sán-tòru. Àwọn òpó kọnkéré ni wọ́n gbé e dúró. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní girama máa ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn òpó wọ̀nyí kò fi rì wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ìtàn ayé ọkùnrin kan ni a fẹ́ fi dáhùn rẹ̀ lónìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ni ọkùnrin náà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní Òṣòdì, ní Èkó. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ni ó sì ń ṣe. Lẹ́yìn tí Ayọ̀délé parí ní CMS Grammar School, ó wá sí Ìbàdàn yìí, sí Nigerian College of Arts, Science and Technology. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìdánwò Advanced Level ní ọdún 1958. Físíìsì àti oríṣi ìṣirò méjì ni ó ṣe, ó sì yege gidigidi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Sàríà, ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì gba dìgírì onípò kìn-ín-ní ní ọdún 1962. Ìjọba àpapọ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí Imperial College ní London, níbi tí ó ti di ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966.

Kí a tó sọ ohun tí ó wádìí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wa: ipá àti ìfúnpá. Ipá ni kí á ti nǹkan tàbí kí á fà á. Ìwúwo ẹrù pàápàá ipá ni, nítorí pé ilẹ̀ ayé ni ó ń fà á wálẹ̀. Newton ni a fi ń wọn ipá. Kílò kan ń tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi newton 10, nítorí náà àpò sìmẹ́ńtì kílò 50 yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú newton 500. Ìfúnpá ní tirẹ̀ ń béèrè bí ojú ibi tí ipá náà ti kan ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. A ó mú ipá, a ó fi fífẹ̀ ibẹ̀ pín in. Pascal ni a fi ń wọn èyí.

Ká sọ pé àpò sìmẹ́ńtì náà sùn sílẹ̀, tí ibi tí ó kan ilẹ̀ jẹ́ 0.25 mítà onígun mẹ́rin. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ pascal 2,000. Ẹ wá gbé e nàró lórí ìdí rẹ̀, kí ibi tí ó kan ilẹ̀ jẹ́ 0.05. Ìfúnpá rẹ̀ di 10,000. Àpò kan náà ni, ìwúwo rẹ̀ kò lé, kò dín, síbẹ̀ ìfúnpá rẹ̀ ti di ìlọ́po márùn-ún.

Àwọn ìyá wa mọ èyí kí ilé-ìwé tó dé. Ìdí tí wọ́n fi ń ká òṣùká sórí kí wọ́n tó ru ẹrù nìyẹn: òṣùká kò dín ẹrù kù, ó kàn ń jẹ́ kí ó tẹ́ lé ibi tí ó fẹ̀ lórí. Ọ̀bẹ Iléyá ni òdìkejì rẹ̀. A ń pọ́n ọn kí ẹnu rẹ̀ lè tín-ín-rín, kí ipá díẹ̀ lè di ìfúnpá ńlá, kí ẹran má baà jìyà. Ìdí kan náà ni bíríkìlà fi ń jẹ́ kí ìpìlẹ̀ fẹ̀ ju ògiri lọ. Òpó afárá náà kì í parí sí ibi tí ojú wa rí i mọ. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lé òpó mìíràn tí ó wọlẹ̀ dé ibi tí ó le.

Ẹrù tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni a ń sọ láti òkè wá. Èyí tí ó ń gbọ̀n ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ibi tí Awójọbí ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún ìmọ̀ ayé nìyí. Ní ọdún 1965, ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní London tẹ ìwádìí òun àti Grootenhuis jáde, lórí bí ohun líle ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ a máa ṣe bíi fóòmù: bí a bá tẹ̀ ẹ́, á ti wa padà. Bí gbígbọ̀n ẹ̀rọ bá wá bá bí ilẹ̀ ṣe ń ti í padà mu, gbígbọ̀n náà á máa pọ̀ sí i ni, bí ìgbà tí a ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà ní àsìkò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ọdún 1973, òun àti Gibson tún gbé ìṣirò jáde lórí ilẹ̀ tí ń le sí i bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga rí mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì Èkó ni ó ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1966. Ní ọdún 1974, London fún un ní oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, oyè tí ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì gbà nínú ẹ̀ka yẹn níbẹ̀ rí, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní orúkọ ìnagijẹ Dead Easy, nítorí pé ohun tí ó le lójú wọn, ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ó to ọkọ̀ kan tí ó pè ní Autonov 1, tí ó lè sá síwájú àti sẹ́yìn bákan náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n níbi ìdíje Mastermind. Kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlú: lẹ́yìn ìbò ọdún 1979, ó ta ko bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni ó kú, ẹni ọdún 47.

Ilé-ìwé ìjọ Kírísítẹ́nì ni ó lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 1121, Al-Khazini ní ìlú Merv kọ ìwé ńlá kan lórí òṣùwọ̀n, ìwúwo àti omi.

Ohun tí ó mú wa kọ èyí ni pé ilé ń wó ní orílẹ̀-èdè wa, a sì máa ń yára sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Bí ìjọ bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé mọ́sálásí onípele kan, tí ẹrù fi di ìlọ́po méjì tí ìpìlẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i, ìfúnpá lórí ilẹ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ pe ẹnjinníà kí ó wo ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ náà. Ohun ìfọkàntán ni ẹ̀mí àwọn tí ń kírun jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí òpó kò fi rì, ẹ má lé e dànù. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó wúlò jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.